Ẹ Yí I Padà, Ẹ Wo Ẹ̀yìn Rẹ̀: Bí A Ṣe Ń Dá Ojúlówó Ohun Ọ̀ṣọ́ Olórúkọ Ńlá Mọ̀ Yàtọ̀ sí Ayédèrú

Mo ra ẹ̀gbà ọwọ́ kan ní àlòkù nígbà kan, orúkọ ilé iṣẹ́ ńlá kan wà lára rẹ̀. Kí ọkàn mi lè balẹ̀, mo gbé e lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ wúrà kan tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú. Ó wọ̀n ọ́n, ó fi ásíìdì dán an wò, ó ní wúrà káráàtì 18 ni, kò dín rárá. Inú mi dùn gan-an. Ló bá yí i padà, ó gbé awò rẹ̀ sójú, ó sì dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ó ní: "Wúrà ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àwọn tí wọ́n kọ orúkọ wọn sí i yìí ló ṣe é."

Ọjọ́ yẹn ni mo tó mọ̀ pé ìbéèrè méjì ló wà nílẹ̀. Kí ni wọ́n fi ṣe é? Ta ló ṣe é? Ìdáhùn àkọ́kọ́ lè dùn mọ́ wa nínú, kí ti èkejì sì jẹ́ irọ́ pátápátá. Àwọn tó ń ṣe ayédèrú mọ̀ pé wúrà la máa kọ́kọ́ yẹ̀ wò, ìdí nìyẹn tí àwọn míì nínú wọn fi ń lo wúrà gidi àti dáyámọ́ǹdì gidi. Ibi tí wọn kì í fẹ́ ná àkókò wọn sí ni ẹ̀yìn, inú àti abẹ́, ibi tí ọ̀pọ̀ oníbàárà kì í wò. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà, ó ju èje lọ. Bí èmi fúnra mi ṣe ń yẹ ohun ọ̀ṣọ́ wò báyìí ni mo fẹ́ tò sílẹ̀ yìí.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ mọ ojúlówó kí ẹ tó wo èyí tí wọ́n ń tà

Ẹni tí kò mọ ojúlówó kò lè dá ayédèrú mọ̀. Kí ẹ tó dá ẹni tó ń tajà lóhùn, ẹ lọ sórí ìkànnì ilé iṣẹ́ tó ni orúkọ náà, ẹ wá ohun ọ̀ṣọ́ yẹn gan-an jáde. Ẹ kọ ohun tí wọ́n fi ṣe é sílẹ̀, bó ṣe tóbi tó, iye òkúta tó wà lára rẹ̀, ibi tí ìkọ́ rẹ̀ wà, àti bí wọ́n ṣe kọ orúkọ sí i.

Ẹ jẹ́ ká mú ẹ̀gbà ọwọ́ Love ti ilé iṣẹ́ Cartier. Aldo Cipullo ló ya bátànì rẹ̀ ní New York lọ́dún 1969. Ẹ̀là méjì ni wọ́n fi síkúrù so pọ̀, sukurúdíráfà kékeré kan ló sì máa ń bá a wá tí wọ́n fi ń tì í mọ́ ọwọ́. Àwòrán orí síkúrù tún yí i ká. Alhambra ti Van Cleef & Arpels ní tiẹ̀ jáde lọ́dún 1968: ewé olójú mẹ́rin ni, àwọn hóró wúrà kéékèèké sì yí etí rẹ̀ po. Inú wúrà ni wọ́n ń ṣe é sí. Bí ẹnì kan bá ní Alhambra onífàdákà lòun fẹ́ tà fún yín, ẹ máa bá tiyín lọ.

Bulgari, tó bẹ̀rẹ̀ ní Róòmù lọ́dún 1884, máa ń kọ orúkọ rẹ̀ sára iṣẹ́ báyìí: BVLGARI, V ló wà níbi tí U yẹ kó wà, bí àwọn ará Róòmù àtijọ́ ṣe ń kọ ọ́. Wàá gbọ́ pé nǹkan kékeré nìyẹn, ṣùgbọ́n irú nǹkan kékeré bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó ń kánjú ṣe ayédèrú máa ń gbàgbé.

Ibi kan tún wà tí àwọn tó mọ̀ díẹ̀ ti máa ń ṣìnà. Ọ̀pọ̀ ohun ọ̀ṣọ́ tí Chanel ń tà kì í ṣe wúrà rárá. Irin lásán tí wọ́n fi àwọ̀ wúrà bò ni, pẹ̀lú gíláàsì àti píálì àtọwọ́dá, bẹ́ẹ̀ sì ni ilé iṣẹ́ náà fẹ́ kó rí láti ìgbà Coco Chanel, obìnrin tó dá a sílẹ̀. Ẹni tó bá ha á, tó rí idẹ lábẹ́, tó wá pariwo pé ayédèrú ni, ìbéèrè àkọ́kọ́ ló fi ń dáhùn èkejì. Ohun tó yẹ kí ẹ wá lára irú ohun ọ̀ṣọ́ bẹ́ẹ̀ ni pátákó kékeré tí wọ́n kọ orúkọ ilé iṣẹ́ àti ibi tí wọ́n ti ṣe é sí, kí ẹ sì wo bí wọ́n ṣe lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ gbé páálí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan

Páálí, báàgì, ríbọ́ọ̀nù, ìwé ẹ̀rí, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń ṣe ayédèrú rẹ̀, wọ́n sì tún ń ta ojúlówó páálí láìsí ohun ọ̀ṣọ́ nínú rẹ̀. Ó lè jẹ́ páálí gidi kí ohun inú rẹ̀ jẹ́ irọ́. Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná, ohun ọ̀ṣọ́ gan-an ni kí ẹ dojú kọ.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ ka òǹtẹ̀ rẹ̀

Ẹ wá nọ́ńbà kékeré tí wọ́n tẹ̀ sí inú òrùka, sí ẹ̀yìn yẹtí tàbí sí ẹ̀gbẹ́ ìkọ́ ẹ̀gbà ọrùn. Nọ́ńbà yẹn ń sọ iye ògidì irin olówó iyebíye tó wà nínú rẹ̀, nínú 1,000. Wúrà tí kò ní àdàlù ni káráàtì 24. Tí ẹ bá pín 18 sí 24, 0.75 lẹ máa rí, ìdí nìyẹn tí wúrà káráàtì 18 fi ń jẹ́ 750. 585 ni káráàtì 14, 375 ni káráàtì 9, 916 ni káráàtì 22. Fàdákà tó wọ́pọ̀ jù lọ lọ́wọ́ àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ni 925. 950 ló wọ́pọ̀ lára platinum, irin funfun olówó iyebíye kan.

Àwọn lẹ́tà kan wà tó yẹ kó ta yín jí. GP ń sọ pé wọ́n kàn fi wúrà bo irin mìíràn ni. Bákan náà ni HGE. GF ń sọ pé wọ́n lẹ wúrà tó nípọn díẹ̀ mọ́ irin mìíràn lára. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ pé irú òǹtẹ̀ bẹ́ẹ̀ wà lára ohun ọ̀ṣọ́ o. Ẹ̀ṣẹ̀ ni kí ẹni tó ń tà á pè é ní ògidì wúrà.

Àwọn orílẹ̀-èdè kan tún máa ń fi òǹtẹ̀ tiwọn sí i. Ní ilẹ̀ Faransé, orí ẹyẹ idì wà fún wúrà káráàtì 18, orí Minerva, òrìṣà obìnrin àwọn ará Róòmù àtijọ́, sì wà fún fàdákà. Ní Gẹ̀ẹ́sì, kìnnìún tó ń rìn ló ń jẹ́rìí sí fàdákà 925, orí àmọ̀tẹ́kùn sì ni àmì ibùdó àyẹ̀wò ti London. Ní Ítálì, ẹ máa rí nọ́ńbà ilé iṣẹ́ àti lẹ́tà ẹkùn tó ti wá: 2337 AL ni ti Bulgari, AL sì dúró fún Alessandria. Pandora, tó bẹ̀rẹ̀ ní Denmark lọ́dún 1982, ń kọ S925 ALE sára fàdákà rẹ̀. ALE yẹn wá láti ara orúkọ bàbá ẹni tó dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀, Algot Enevoldsen. Ẹ fi òǹtẹ̀ wé ibi tí wọ́n ní ohun ọ̀ṣọ́ náà ti wá. Tí wọ́n bá ní Paris ni, tí ẹ ò sì rí àmì ilẹ̀ Faransé kankan, ẹ béèrè ìdí.

Òǹtẹ̀ kò tó ṣe ẹ̀rí fúnra rẹ̀, torí ẹnikẹ́ni ló lè tẹ 750 sára idẹ. Ohun tó ṣe pàtàkì ni bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ gbé awò sójú, ẹ má kánjú

Ẹ wá awò kékeré tí àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà ń lò, èyí tó ń mú kí nǹkan tóbi ní ìlọ́po 10. Ẹ gbé awò náà sún mọ́ ojú yín pẹ́kípẹ́kí, kí ẹ wá máa gbé ohun ọ̀ṣọ́ bọ̀ títí á fi hàn kedere. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ pọ̀ sí ni kí ẹ jókòó sí.

Lẹ́tà kan ṣoṣo ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ẹ jẹ́ ká sọ pé T tó wà nínú "Tiffany & Co." ni. Ẹ wo ibi tí ìlà òkè ti pàdé ìlà ìsàlẹ̀: ṣé igun rẹ̀ mú, àbí ó rọ̀ bí ọṣẹ tí omi ti lù? Ẹ wo ìsàlẹ̀ kòtò lẹ́tà náà: ṣé ó tẹ́jú, àbí ó rí wúruwùru? Ẹ bọ́ sórí àwọn F méjèèjì: ṣé wọ́n ga bákan náà, ṣé àlàfo àárín wọn dọ́gba? Lára ojúlówó, ohun kan náà ni jíjìn gbogbo lẹ́tà, ìlà wọn sì tọ́. Lára ayédèrú, lẹ́tà kan á jìn, èkejì á hàn fírífírí, tàbí kí gbogbo ọ̀rọ̀ náà wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Ìdí tó fi máa ń rí bẹ́ẹ̀ kò le. Ọ̀nà tó rọrùn jù fún ẹni tó ń ṣe ayédèrú ni pé kó ra ojúlówó kan, kó fi rọ́bà gba àwòrán rẹ̀, kó da ìda sínú àwòrán náà, kó wá fi ìda yẹn ṣe ibi tó máa da wúrà yíyọ́ sí. Irin máa ń sún kì bó bá ṣe ń tutù. Nítorí náà, ọmọ tí wọ́n bí lọ́nà yẹn máa ń kéré díẹ̀ sí ìyá rẹ̀, gbogbo igun tó mú lára ìyá ló sì máa ń rọ̀ lára ọmọ, òǹtẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ tún máa rí àwọn ihò wínníwínní bí ojú abẹ́rẹ́ níbi tí afẹ́fẹ́ há sí. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ kọ bí ojúlówó ṣe tóbi tó sílẹ̀. Tí ẹ bá ní kálípà, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń wọn bí nǹkan ṣe fẹ̀ tó, ẹ wọ̀n ọ́n. Èyí tó bá fi díẹ̀ kéré sí ti ilé iṣẹ́ níbi gbogbo, ọ̀kan nínú irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ni.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ yí i padà

Ibí gan-an ni alágbẹ̀dẹ wúrà yẹn ti rí àṣírí ẹ̀gbà mi. Iwájú rẹ̀ ń dán yanranyanran. Abẹ́ àwọn òkúta rẹ̀, níbi tó ń kan awọ ara, kò sẹ́ni tó dán an. Ipa ayùn ṣì wà níbẹ̀.

Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá máa ń parí iṣẹ́ ẹ̀yìn bí wọ́n ṣe parí ti iwájú. Ẹ wo ihò tó wà lẹ́yìn òkúta kọ̀ọ̀kan: ó yẹ kí wọ́n dọ́gba, kí etí wọn sì jọ̀lọ̀. Ẹ wo àwọn ìka kéékèèké tó di òkúta mú: ṣé wọ́n tò dáadáa, ṣé orí wọn rí roboto bákan náà? Tí ẹ bá rí gọ́ọ̀mù tó yọ jáde lábẹ́ dáyámọ́ǹdì, kò sí ohun tí ẹ tún ń wá mọ́. Lára Alhambra, ẹ ka àwọn hóró etí rẹ̀ pẹ̀lú awò: roboto ni kí hóró kọ̀ọ̀kan jẹ́, kí ó dá dúró, kó má wọnú èkejì.

Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí ìkọ́ rẹ̀, kí ẹ sì pa á dé lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Ẹ tẹ́tí sí i. Ìkọ́ tó dáa á dún kẹ́kẹ́ lẹ́ẹ̀kan, á sì dì gírígírí. Èyí tó ń mì, tó fẹ́ kí ẹ fi agbára tì í, tàbí tí oríkèé rẹ̀ ń ha ara, kì í sábà jẹ́ iṣẹ́ àwọn tí ẹ san owó orúkọ wọn. Síkúrù ni kí ẹ yẹ̀ wò lára Love: kó yí wọlé wẹ́rẹ́, kí ẹ̀là méjèèjì sì pàdé débi pé èékánná kò ní kọ́ níbi tí wọ́n ti so pọ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ẹ wọ̀n ọ́n nínú omi

Ìdánwò yìí kì í ba nǹkan jẹ́, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ ju ásíìdì lọ. Òṣùwọ̀n tó lè ka ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún (0.01) gíráàmù kan, ife omi kan, àti òwú tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ nílò.

Ẹ kọ́kọ́ wọn ohun ọ̀ṣọ́ náà ní gbígbẹ, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ wá gbé ife omi sórí òṣùwọ̀n, ẹ dá nọ́ńbà rẹ̀ padà sí òdo. Ẹ fi òwú so ohun ọ̀ṣọ́ náà, ẹ rì í sínú omi pátápátá, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó kan ìsàlẹ̀ tàbí ẹ̀gbẹ́ ife. Ẹ gbọ̀n ọ́n díẹ̀ kí àwọn èéhó afẹ́fẹ́ tó lẹ̀ mọ́ ọn lè kúrò. Nọ́ńbà tí òṣùwọ̀n bá kà ni ìwọ̀n omi tí ohun ọ̀ṣọ́ náà tì kúrò ní àyè rẹ̀. Ẹ fi nọ́ńbà yẹn pín ti àkọ́kọ́.

Bí àpẹẹrẹ, òrùka kan wọn gíráàmù 6.2 ní gbígbẹ, òṣùwọ̀n sì ka 0.4 nígbà tó wà nínú omi. 6.2 tí a fi 0.4 pín jẹ́ 15.5. Wúrà pupa káráàtì 18 máa ń wà láàárín nǹkan bíi 15 sí 16, èyí bá a mu. Ká ní idẹ tí wọ́n fi wúrà bò ni, nǹkan bí 8.5 lẹ máa rí. Fàdákà 925 máa ń fún wa ní 10.3 tàbí 10.4. Nọ́ńbà tí ẹ bá rí tó lé sí 19 lára ohun tí wọ́n ní káráàtì 18 ni, kì í ṣe oore o: tungsten, irin mìíràn kan, wúwo tó ògidì wúrà, àwọn kan sì ń fi í sí abẹ́ wúrà tẹ́ẹ́rẹ́.

Ìdánwò yìí kì í ṣiṣẹ́ dáadáa fún ohun tó ní òkúta púpọ̀ tàbí èyí tí inú rẹ̀ ṣófo. Ẹ má sì ri píálì tí wọ́n sín sórí òwú bọmi, torí òwú rẹ̀ á bàjẹ́.

Ẹ lè fi òòfà kún un. Wúrà àti fàdákà kì í lẹ̀ mọ́ òòfà. Bàbà àti idẹ náà kì í lẹ̀ mọ́ ọn, torí náà òòfà lè dá ẹlẹ́bi lẹ́bi ṣùgbọ́n kò lè dá ẹnikẹ́ni láre. Tó bá jẹ́ ìkọ́ nìkan ló lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ má bẹ̀rù, sípíríǹgì kékeré inú rẹ̀ lè jẹ́ irin.

Ìgbésẹ̀ keje: Ẹ bi àwọn òkúta léèrè

Ẹ mí èémí gbígbóná sí ojú dáyámọ́ǹdì bí ẹni fẹ́ nu gíláàsì. Dáyámọ́ǹdì máa ń tú ooru ká kíákíá, ìkùukùu tó bò ó á pa rẹ́ lójú ẹsẹ̀. Tó bá dúró fún ìṣẹ́jú àáyá bíi mẹ́ta mẹ́rin, ẹ fura. Ẹ má gbàgbọ́ nínú fífi í ha gíláàsì: cubic zirconia, tó jẹ́ àfarawé olówó pọ́ọ́kú, ń ha gíláàsì dáadáa.

Èyí tó ń tan àwọn èèyàn jù ni moissanite, òkúta àtọwọ́dá tó jọ dáyámọ́ǹdì, torí àwọn ẹ̀rọ ọlọ́wọ́ pélébé tó ń fi ooru dán dáyámọ́ǹdì wò máa ń pè é ní dáyámọ́ǹdì. Ẹ fi awò wo inú rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ díẹ̀: moissanite máa ń sọ àwọn ìlà inú rẹ̀ di méjì-méjì, dáyámọ́ǹdì kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Tí òkúta náà bá ní ìwé GIA, àjọ kan tó ń yẹ dáyámọ́ǹdì wò, ẹ wo etí rẹ̀ níbi tó fẹ̀ jù, wọ́n sábà máa ń fi lésà kọ nọ́ńbà ìwé náà síbẹ̀. Kí nọ́ńbà ara òkúta bá ti ìwé mu, kí ti ìwé sì bá ohun tó wà lórí ìkànnì GIA mu. Ìwé láìsí àyẹ̀wò yẹn, bébà lásán ni.

Píálì ní tiẹ̀, ẹ rọra fi méjì ha ara wọn. Èyí tó ti inú ìṣáwùrú wá máa ń rí bí ẹni pé iyanrìn kúnná wà láàárín wọn, àtọwọ́dá á máa yọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ìbéèrè èkejì. Àwọn kan máa ń mú ìkọ́ tó ní lẹ́tà M ti Mikimoto, ilé iṣẹ́ píálì kan ní Japan, lára, wọ́n á fi í so píálì tí kò ti ọ̀dọ̀ Mikimoto wá. Píálì gidi, ìkọ́ gidi, irọ́ gidi. Ẹ wò ó bóyá òwú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ yí padà, kí ẹ sì béèrè ẹni tó tún un sín.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Ẹ yẹ ẹni tó ń tà á wò

Tó bá jẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì ni, ẹ ní kó ya ẹ̀yìn rẹ̀, òǹtẹ̀ rẹ̀ àti ìkọ́ rẹ̀ ránṣẹ́, pẹ̀lú bébà tó kọ ọjọ́ òní sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹni tó ni ohun rẹ̀ kì í bínú sí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Ẹ wá nọ́ńbà ìdánimọ̀ tó wà lára rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn tó ń ṣe ayédèrú máa ń tẹ nọ́ńbà kan ṣoṣo sára ọgọ́rọ̀ọ̀rún, torí náà tí ẹ bá rí i lára ẹ̀gbà mẹ́ta tí ẹni mẹ́ta ń tà, ẹ kúrò níbẹ̀.

Ẹ má sì rò pé pẹpẹ tí wọ́n ti ń tajà ló máa gbà yín. Tiffany gbé eBay, ìkànnì ọjà ńlá kan, lọ sílé ẹjọ́ ní New York nítorí àwọn ayédèrú tí wọ́n ń tà níbẹ̀. Lọ́dún 2008, adájọ́ dá eBay láre, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn sì fọwọ́ sí èyí tó pọ̀ jù nínú ìdájọ́ náà lọ́dún 2010. Ẹ sanwó lọ́nà tí ẹ fi lè gbà á padà, kí ẹ sì tọ́jú gbogbo ọ̀rọ̀ tí ẹ jọ sọ.

Tí ojú yín kò bá tíì tó o

Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ní ẹ̀rọ XRF. Ẹ̀rọ náà á tan ìtànṣán sí i, á sì sọ irin tó wà ní ìpele òde rẹ̀ láìha á. Ìyẹn, pẹ̀lú wíwọ̀n ọ́n nínú omi, dáhùn ìbéèrè àkọ́kọ́. Fún èkejì, ẹ wá ẹni tó ti fọwọ́ kan púpọ̀ nínú iṣẹ́ ilé iṣẹ́ yẹn gan-an, tàbí kí ẹ gbé e lọ síbi tí ilé iṣẹ́ náà ti ń tún nǹkan ṣe.

Tó bá jẹ́ ayédèrú, ẹ dá a padà láàárín ọjọ́ tí wọ́n fún yín, kí ẹ má sì tà á fún ẹlòmíràn. Èmi kò rí owó tèmi gbà padà, ẹ̀gbà náà ṣì wà lọ́wọ́ mi, òun ni mo fi ń kọ́ àwọn tó bá bi mí léèrè.

Tó bá sì jẹ́ ojúlówó, ẹ ya òǹtẹ̀ rẹ̀ ní fọ́tò dáadáa lónìí. Nígbà tí ẹ bá gbé e fún ẹni tó máa dán an, ẹ sọ fún un kó má fi ẹ̀rọ rẹ̀ kan ibẹ̀, torí dídán léraléra ló ń pa òǹtẹ̀ gidi rẹ́ títí á fi dà bí irọ́.